Ta Ló Ń Jó Góòbù Mi?

Ó ju ẹni méjì lọ tó ti bi mí pé kí ló dé tí mi ò gun ọ̀kadà lálẹ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀kadà àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni. Iná iwájú rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ àrà. Mo ra góòbù, ó jó. Mo ra òmíràn, ó tún jó. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló kú mọ́ mi lójú lálẹ́ ọjọ́ tí èmi àti ìyá àwọn ọmọ ń ti ibi ọdún bọ̀ láti Ìdèrè sí Igbó-Ọrà. Ìyá kan ru gbágùúdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. N kò rí i. Ìyàwó mi ló pariwo. Mo tẹ bíréèkì, táyà yọ̀, a gbá apẹ̀rẹ̀ ìyá náà dànù. A dúpẹ́, ara rẹ̀ ò bó. Iná fóònù la fi ṣa gbágùúdá ọ̀hún. Ó kàn ń wí pé, "Ògún ò ní mu ẹ̀jẹ̀ wa o." Mo ní àṣẹ, àmọ́ ohùn mi ń gbọ̀n.

Nílé, wọ́n ní ebi ló ń pa Ògún. Bẹ́ẹ̀ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ ọ́ ni: èsun iṣu, epo, obì, mi ò jẹ gbèsè. Mo tọ bàbá wa àgbà lọ. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Ṣé o ti wo wáyà ẹ̀?"

Mo gbé e lọ bá rewáyà kan ní Èrúwà. Ẹni tí kì í kánjú ni. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, iná rí bàìbàì. Ó yí ọwọ́ sí i, iná funfun báláú. Ó ní, "Bọ̀dá, kì í ṣe góòbù." Ó ní iná iwájú irú ọ̀kadà yìí kì í jẹun lọ́dọ̀ bátìrì, koyílì inú ẹ́ńjìnnì ló ń bọ́ ọ, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ṣe sáré tó ni iná ń pọ̀ tó. Régúlétọ̀ ló yẹ kó máa da àpọ̀jù rẹ̀ sára irin ọ̀kadà. A tú u: ìpatà ti jẹ ibi tí wọ́n ti fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ irin. Àpọ̀jù ò ríbi gbà, orí góòbù ló ń dà sí. Ó fi sáńpépà ha á títí irin fi dán, ó dè é le, ó fi gíríìsì díẹ̀ bò ó. Góòbù kẹrin ṣì ń tàn.

Ẹ ka ara góòbù kẹ́ ẹ tó rà á: ti fóòtì 6 ò lè gbé 12. Bí hóònù àti iná ẹ̀yìn náà bá dákẹ́, ẹ wo bátìrì àti fíúsì. Ẹ má fi wáyà lásán rọ́pò fíúsì o, iná lè mú gbogbo ẹ̀.

Àbúrò mi bi mí pé ta ló wá ni iná ọ̀kadà, Ògún ni àbí Ṣàngó? Ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ní 1964 ni wọ́n gbé síwájú ilé iṣẹ́ mànàmáná ní Marina, l'Ékòó. Mo ní kí wọ́n pín in: irin fún Ògún, iná fún Ṣàngó.

Mo ti san owó gbágùúdá ìyá yẹn. Ìyàwó mi ló kù. Ó ní òun ò ní jókòó sẹ́yìn mi lálẹ́ títí ọdún Ògún á fi kọjá.