Ẹ̀jẹ́ Tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Jẹ́ Láràárọ̀

Ní gbogbo òwúrọ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ṣí, àwọn ọmọ wa a máa tò lẹ́sẹẹsẹ níwájú àwọn olùkọ́ wọn. Wọn a kọ orin orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn náà, wọn a gbé ọwọ́ lé àyà, wọn a sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Nàìjíríà. Wọ́n ń ṣe ìlérí pé àwọn yóò jẹ́ olóòótọ́, pé àwọn yóò fi gbogbo agbára sin ilẹ̀ baba wọn, pé àwọn yóò sì dáàbò bo ìṣọ̀kan rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bèèrè pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a máa fi irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ọmọdé lẹ́nu? Èrò tiwa ni pé ó tọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí a ti ń ṣe é yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí orísun rẹ̀. Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ ọ́ fún wa. Olùkọ́ni kan tí í ṣe ọmọ ìdílé ọba ní Ṣakí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Felicia Adébọ̀lá Adédọ̀yìn, ni ó kọ ọ́. Inú ìwé ìròyìn ni ó sì ti kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1976. Ìjọba ológun tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jẹ́ olórí rẹ̀ tẹ́wọ́ gbà á, ó tún un ṣe díẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ máa kà á. Ọdún mẹ́fà péré ni ogun abẹ́lé fi parí nígbà náà. Ẹni tí ó bá rántí ẹ̀mí tí ogun náà jẹ kò ní bínú sí ẹni tí ó fẹ́ kí ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò, ọmọ Hausa àti ọmọ gbogbo ẹ̀yà yòókù máa fi ohùn kan sọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan.

Àwọn tí wọ́n lòdì sí i ní àwíjàre tí a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ yìí ní 1976 ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún lónìí. Nínú irú wọn ni gómìnà ti wá, nínú wọn ni mínísítà ti wá, nínú wọn ni agbaṣẹ́ṣe tí ó gba owó ọ̀nà tí kò sì la ọ̀nà ti wá. Bí ẹ̀jẹ́ bá ń tún ìwà ṣe, wọ́n ní, èso rẹ̀ dà? Ìbéèrè yìí le, ṣùgbọ́n ó ní ìdáhùn. A kò tíì kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀jẹ́ náà rí. Ariwo rẹ̀ ni a kọ́ wọn.

Ẹ lọ dúró ti ìlà àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, kí ẹ sì tẹ́tí sílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń jẹ́ ẹ̀jẹ́, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ ohun tí ẹnu wọn ń sọ. Láàárín àwa Yorùbá, ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ohun eré. Ẹni tí ó fi irin búra ní orúkọ Ògún mọ ohun tí òun sọ. Mùsùlùmí tí ó gbé Kùránì àti Kìrìsìtẹ́nì tí ó gbé Bíbélì ní kóòtù mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Kí ló wá dé tí ó fi jẹ́ pé ọmọdé ni a ń mú kí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí kò yé e, ẹ̀jẹ́ tí a sì ń fi orúkọ Ọlọ́run parí? A kò lè wí pé ọ̀nà àbáyọ kò sí. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n tayọ àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ohun tí a bá fi èdè ìyá ọmọ kọ́ ọ ni í wọ̀ ọ́ lára.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ipá. Àwọn òbí kan wà tí ẹ̀sìn wọn kò gbà kí ọmọ wọn jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ yìí. Ṣé pàṣán ni kí a gbé sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ sí àsíá láti ọdún 1892, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ kọ́kọ́ dájọ́ ní 1940 pé a lè fi ipá mú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kí àsíá. Ní 1943, nígbà tí ogun Hitler ṣì ń jó, ilé-ẹjọ́ kan náà yí ìdájọ́ yìí padà, ó ní kò sí aláṣẹ tí ó lè fi ipá kó ìgbàgbọ́ sí ẹnu ọmọ ènìyàn. Ní ilẹ̀ Íńdíà, ní 1985, a lé àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Kerala nítorí pé wọn kò kọ orin orílẹ̀-èdè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dìde dúró pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní 1986, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní kí a gbà wọ́n padà. Orílẹ̀-èdè méjèèjì kò tú ká nítorí rẹ̀.

Ìwé òfin tiwa ti ọdún 1999 kò yàtọ̀ púpọ̀. Abala 24 sọ ọ́ di ojúṣe ọmọ ìlú láti bọ̀wọ̀ fún àsíá, orin àti ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè. Abala 38 sì fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò àti ẹ̀sìn. Ọmọ tí ó dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ ti bọ̀wọ̀ fún un. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú orí kan náà tí abala 24 wà ni abala 18 wà, níbi tí a ti kọ ọ́ pé kí ìjọba gbìyànjú láti fún gbogbo ọmọ ní ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin ti ọdún 2004 tún tẹnu mọ́ ọn. Síbẹ̀, àjọ UNICEF ti sọ ọ́ léraléra pé àwọn ọmọ tí kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 10. Àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ sí lórí ìlà láti jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan. Ọlọ́wọ̀ kan kì í pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba ni ó kọ́kọ́ mú ìlérí tirẹ̀ ṣẹ fún ọmọ. Títí di òní ni àwọn tí ó jẹ oore náà ń fi ìfẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ fi èyí sọ́kàn: Nàìjíríà ni ẹ̀jẹ́ náà dárúkọ. Kò dárúkọ ààrẹ, kò dárúkọ gómìnà, kò dárúkọ ẹgbẹ́ kan. Ọmọ tí ó bá dàgbà tí ó sì bá ìjọba wí nítorí àṣìṣe rẹ̀ kò da ẹ̀jẹ́. Ẹni tí ó rí olè nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀ tí ó dákẹ́ ni ó dà á.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni iṣẹ́ yìí pọ̀ sí jù. Ọmọ a máa gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìwà ni ó ń wò. Bí a bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ òtítọ́ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, tí olùkọ́ sì kọ ìdáhùn ìdánwò sí ojú pátákó ní aago mẹ́wàá, èwo nínú méjèèjì ni ọmọ yóò mú lọ sílé?

Nítorí náà, àbá wa rèé. Kí ẹ̀jẹ́ náà dúró. Kí àwọn ọmọ kékeré máa gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kí a má sọ ọ́ di dandan fún wọn títí yóò fi yé wọn. Kí olùkọ́ máa fi èdè ìyá wọn túmọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lọ́sẹ̀ kan: kí ni òtítọ́, kí ni ìsìn, kí ni ọlá ìlú? Kí a má fi pàṣán lé e. Kí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn aṣòfin pẹ̀lú máa jẹ́ ẹ ní ìdúró kí wọ́n tó pín owó ìlú.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwa àgbà ni àdá wà lọ́wọ́ wa.