Àgbàlagbà Kì Í Sáré Nínú Ẹ̀gún Lásán

Àwọn baba wa ní àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí kò bá lé ejò, ejò ni yóò máa lé e. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n bí ìyá arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ra bá fọ́ ọmọ rẹ̀ létí níbi ìwẹ̀, a kì í wá ejò kankan. A ní ó ń ṣarán. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àjẹ́ ni. Èmi kò gbà.

Ẹ wo ìwẹ̀ ọ̀hún dáadáa. Ilẹ̀ balùwẹ̀ ń yọ̀, omi tutù, ọmọ sì ń kánjú àtilọ síbi iṣẹ́. Ìyá kò mọ̀ pé ọmọ òun nìyí. Àjèjì kan ló rí tó ń fa ìró mọ́ òun lára. Ta ni wọ́n á tú láṣọ bẹ́ẹ̀ tí kò ní jà? Ẹ jẹ́ kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ ki oríkì rẹ̀, ẹ fi aṣọ bo èjìká rẹ̀ bí ẹ ṣe ń fọ ẹsẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìjà náà á rọlẹ̀.

Ejò mìíràn wà nínú ara: eyín dídùn, làkúrègbé, ìgbẹ́ tí kò yà láti ọjọ́ mẹ́ta, kòkòrò àrùn ní ọ̀nà ìtọ̀. Ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́, igbe ni yóò fi sọ ọ́. Bí ìwà rẹ̀ bá yí padà lójijì, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe orí òkè àdúrà.

Àwọn kan á ní àrùn òyìnbó ni iyè rírà yìí, torí pé ará Jámánì ni Alois Alzheimer tó ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1906. Àmọ́ àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn wọ Ìdíkàn, àdúgbò kan nílùú Ìbàdàn, láàárín àwọn ọdún 1990 láti wá àrùn yìí. Ó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ ju bó ti rí láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà lọ, ṣùgbọ́n wọ́n bá a níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ó ti rẹ olùtọ́jú, pàápàá níbi tí àwọn ọmọ yòókù ti ń fi owó nìkan ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí oògùn wèrè fi ń wu ènìyàn lò, kí arúgbó lè dákẹ́. Lọ́dún 2005, ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé oògùn wọ̀nyí ń fi kún ikú àwọn arúgbó tí iyè wọn ti ra. Dókítà lè kọ ọ́ bí ewu bá pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà á, ẹ bi í léèrè: ṣé ẹ ti yẹ eyín wọn wò? Ìtọ̀ wọn ńkọ́?