Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọyẹ́ ni, èéfín ńkọ́?

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí lè má dùn létí àwọn kan, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́. Bí oṣù kejìlá bá ti wọlé, tí gbogbo ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu wa: "Ọyẹ́ ni." Ojú ń ta ìyá aláṣọ, ọyẹ́ ni. Ọmọ ẹ̀yìn aláta ń mí gúlegúle, ọyẹ́ ni. Àá! Ọyẹ́ ti ru ẹrù ẹlẹ́rù lọ́wọ́ wa.

Lóòótọ́, ọyẹ́ ní ẹ̀bi tirẹ̀. Atẹ́gùn tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá ló ń kó eruku bá wa, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń wá láti ilẹ̀ gbígbẹ kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ní orílẹ̀-èdè Chad. Kò sí kánsù tó lè dá ìyẹn dúró. Ṣùgbọ́n nínú oṣù wọ̀nyẹn kan náà ni wọ́n ń sun igbó, láti Òkè-Ògùn títí dé òkè ọya. Ọdẹ ń sun ún nítorí ẹmọ́ àti ọ̀kẹ́tẹ́, darandaran ń sun ún kí koríko tútù lè hù, àgbẹ̀ ń sun oko. Atẹ́gùn ọyẹ́ náà a sì gbé èéfín wọn wá. (Kí a tó máa bú ọdẹ, ta ló ń ra ẹran ìgbẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Ẹ jẹ́ n fi síbẹ̀.) Kódà ní àkókò òjò, èéfín àlejò ń wá. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ fi ọkọ̀ òfuurufú wo ojú ọ̀run etíkun wa láti Lomé ní Tógò, wọ́n sì rí i pé èéfín igbó tí wọ́n ń sun ní àárín gbùngbùn Áfíríkà ń la orí òkun kọjá wá bá wa.

Èyí tó ń dùn wá jù ni tẹ̀yìn ọjà wa níbí. Ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹnì kan á ti gbá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike, páálí, ìyẹ́ adìẹ àti táyà jọ, á sì ṣáná sí i. Wọ́n ní ìgbà yẹn ló dáa, pé èrò ò tíì pọ̀. Irọ́ ni! Kò sí ìgbà tó burú tó o. Lóru ọyẹ́, ojú ọ̀run a máa mọ́, ilẹ̀ a sì tètè tutù. Atẹ́gùn tó wà nílẹ̀ á tutù ju tòkè lọ, á wúwo, kò ní lè gòkè. Èyí tó gbóná díẹ̀ lókè á wá dà bí ìdérí ìkòkò lé e. Ẹ fi ojú ara yín wò ó láàárọ̀ ọ̀la: èéfín náà ò ní lọ sókè, á nà gbọọrọ lórí páànù ṣọ́ọ̀bù bí aṣọ tí wọ́n sá. Ó di ìgbà tí oòrùn bá mú kí ìdérí yẹn tó ṣí. Ta ló sì ń tètè dé ọjà? Alákàrà, ẹlẹ́kọ, àwọn tó ń já àlùbọ́sà nínú ọkọ̀, tàwọn tọmọ lẹ́yìn.

Èéfín yìí kì í ṣe dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ìgbátí lásán. Èyí tó kéré jù nínú ẹ̀, bí ẹ bá to nǹkan bí ọgbọ̀n ẹ̀ pọ̀, kò ju ìbú irun orí kan lọ. Á gba ihò imú kọjá wọ ẹ̀dọ̀fóró, á sì wọ ẹ̀jẹ̀. Gèlè tí a fi ń bo imú ò lè dá a dúró. Ìròyìn tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní 2020 fojú bù ú pé afẹ́fẹ́ burúkú pa ènìyàn 11,200 ní Èkó ní ọdún 2018, ó sì ju ìdajì wọn lọ tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Kì í ṣe èéfín ààtàn nìkan ló pa wọ́n o. Ti ọkọ̀, ti ilé iṣẹ́ àti ti jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí sísun wà nínú ẹ̀. Lóṣù kẹta ọdún 2018 yẹn náà ni ààtàn Ọlúṣosùn ní Òjòtá gbiná, tó ń rú fún ọjọ́ púpọ̀, tí ìjọba fi tì í fúngbà díẹ̀.

A mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ: "Bí a ò bá sun ún, ta ni yóò kó o? Ṣebí kánsù ò wá." Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, a ò jiyàn. Àmọ́ ṣé a ò sanwó ni? Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa ò pa ọjọ́ kan jẹ rí, òjò ni o, oòrùn ni o. Ọkọ̀ tó yẹ kó kó ìdọ̀tí ni kò mọ ọ̀nà ọjà. Àwa náà wá ń bá wọn ṣe iṣẹ́ tí a ti sanwó ẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ wa la sì fi ń ṣe é. Kí ló dé?

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná sí ìdọ̀tí lẹ́yìn ọjà mọ́, pàápàá ọ̀rá àti táyà. Kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀ fún ike, àwọn tó ń rà á ń wá a kiri. Èèpo iṣu àti ti ẹ̀gẹ́, ẹ kó o fún àwọn olówúrẹ́. Ìyókù, ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ kí wọ́n wá bá a. Ẹ sì tọ́jú gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá já lóṣù yìí. Ẹ kó wọn wá sípàdé. Orí tábìlì alága kánsù la ń kó gbogbo ẹ̀ lọ, a ó sì ní kó kà á lójú wa, kó tó sọ fún wa pé owó ò sí fún epo ọkọ̀.