Ìtàn Ìfẹ́ Lórí Ìtàgé Ilé-Ẹ̀kọ́ Onígbàgbọ́: Kí Ni À Ń Bẹ̀rù?

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa jókòó láti ṣètò ọdún yìí, àbá kan wáyé tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìpàdé ká. Àwa díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí àtijọ́ ni a dá a, pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìtàn Jane Eyre ṣe eré olórin, kí wọ́n sì gbé e jáde lórí ìtàgé fún àwọn òbí àti àlejò. Bàbá kan dìde. Ẹni iyì ni. Ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ni ó ti gba ilé-ẹ̀kọ́ yìí kọjá. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ìbẹ̀rù Olúwa ni a tìtorí rẹ̀ rán ọmọ wá síhìn-ín. Ṣé ìwé olólùfẹ́ ni a ó wá fi ṣe ọdún fún wọn?" Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́. A sì sún àbá náà síwájú di ọdún mìíràn.

N kò bá bàbá náà jà ní ọjọ́ náà, n kò sì ní bá a jà lónìí. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù òpè. Àwa òbí mọ ohun tí àwọn ọmọ ń rí lórí fóònù nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí a sì rò pé wọ́n ti sùn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ṣùgbọ́n ekòló kì í ṣe ejò, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìtàn ìfẹ́ kọ́ ni ìtàn ìṣekúṣe. Èrò tèmi ni pé ìtàn yìí gan-an ni ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ Onígbàgbọ́ gbé sórí ìtàgé, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ kí ọdún mìíràn náà tó dé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ka lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò rántí ìwé náà. Charlotte Brontë, ọmọ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Haworth, ní agbègbè Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ ọ́. Ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1847 lábẹ́ orúkọ Currer Bell, nítorí pé òǹkọ̀wé obìnrin kì í rí ojúure bí ọkùnrin ní ìgbà náà. Jane jẹ́ ọmọ òrukàn tí ìyàwó arákùnrin ìyá rẹ̀ fi ìyà tọ́. Wọ́n rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláìní. Nígbà tí ó dàgbà, ó di olùkọ́ inú ilé fún ọmọbìnrin kékeré kan ní Thornfield, ní ilé ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Rochester. Ìfẹ́ wọ àárín àwọn méjèèjì. Wọ́n ti dé iwájú pẹpẹ láti ṣe ìgbéyàwó ni ẹnì kan dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó sọ pé ọkùnrin náà ní aya láàyè. Òótọ́ ni. Bertha ni orúkọ aya náà. Orí rẹ̀ ti dàrú, òkè àjà ilé kan náà ni ọkọ rẹ̀ sì tì í mọ́.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí àwọn òbí ti fara balẹ̀. Ọlọ́rọ̀ ni Rochester. Jane fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn. Kò ní baba tí yóò bá a wí, kò ní ìyá tí ojú yóò tì. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn jùmọ̀ lọ máa gbé ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Jane kọ̀. Ó jáde kúrò nínú ilé náà kí ará ilé tó jí, ó sun inú pápá, ebi pa á títí ó fi tọrọ oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ dà fún ẹlẹ́dẹ̀. Lọ́dọọdún ni a ń wàásù fún àwọn ọmọbìnrin wa pé kí wọ́n mọ bí a ti í sọ pé rárá. Ìwàásù náà dára, ṣùgbọ́n a máa ń ṣe é bí ẹni pé ẹni burúkú nìkan ni ó ń tan ọmọ. Bí ó bá wá di ọjọ́ tí ẹni tí ọmọ náà fẹ́ràn bá ń bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú omi lójú ńkọ́? A kò kọ́ ọ ní ìyẹn. Jane kọ́ ni pé ènìyàn lè fẹ́ràn, kí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, kí ó sì jáde.

Ó tún kù. Àlùfáà kan, St John Rivers, gba Jane sílé nínú ìpọ́njú rẹ̀. Ó fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ míṣọ́nnárì ní Íńdíà, ó sì sọ fún Jane pé kí ó fẹ́ òun, nítorí pé iṣẹ́ Ọlọ́run béèrè bẹ́ẹ̀. Kò sí ìfẹ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Jane tún kọ̀. Mélòó ni nínú àwọn ọmọbìnrin tí a jọ kàwé ni arákùnrin kan nínú ìjọ wá bá, tí ó ní Olúwa fi hàn òun pé òun ni yóò fẹ́ ẹ, tí wọn kò sì mọ ohun tí ènìyàn í fi dá irú ìfihàn bẹ́ẹ̀ lóhùn? Mo mọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Díẹ̀ nínú wọn ń ka ìwé yìí lónìí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí àwọn ọmọ nìkan ni mo ṣe fẹ́ eré yìí. Mo fẹ́ ẹ nítorí àwa tí ń ṣe àkóso wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ Lowood tí wọ́n rán Jane lọ jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ Onígbàgbọ́. Ọ̀gbẹ́ni Brocklehurst, alákòóso rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ kí ó má fi ẹsẹ Bíbélì kún un. Ó fi ebi àti òtútù kọ́ àwọn ọmọ ní ìrẹ̀lẹ̀. Ó ní kí wọ́n gé irun ọmọ kan nítorí pé irun náà ká, bẹ́ẹ̀ irun tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé pẹ̀lú aṣọ àrán àti ṣẹ́dà, irun orí tiwọn sì ká ju ti ọmọ náà lọ. Ó gbé Jane dúró lórí àpótí níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ó pè é ní òpùrọ́, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má bá a ṣe. Òǹkọ̀wé náà kò fi inú rẹ̀ hu gbogbo èyí. Òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àlùfáà ní Cowan Bridge. Ibẹ̀ ni àìsàn ti mú Maria àti Elizabeth, wọ́n sì kú ní ọdún 1825.

Mo ti ṣe olùkọ́ rí ní ilé-ẹ̀kọ́ Onígbàgbọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Owó sọnù nínú yàrá ibùsùn àwọn ọmọbìnrin. Ọmọ kan ni wọ́n fura sí, nítorí pé òun ni òbí rẹ̀ tálákà jù. Wọ́n gbé e dúró lórí àga lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, wọ́n pè é ní olè níwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n rí owó náà láàárín ìwé ẹni tí ó ni ín. Kò sí ẹni tí ó pe ilé-ẹ̀kọ́ jọ láti sọ pé ọmọ náà kò jẹ̀bi. Mo wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí a ṣe kò tọ́, mo sì dákẹ́, nítorí pé iṣẹ́ mi ṣì tuntun. Jane Eyre ni ìwé tí mo ń kọ́ kíláàsì rẹ̀ ní sáà náà. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ènìyàn lè ka ìwé, kí ó sì kọ́ ọ, kí ó má sì gbọ́ ohun tí ó ń sọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ìtàgé àti orin. Nínú ìwé, Jane fúnra rẹ̀ ni ó ń bá òǹkàwé sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Orí ìtàgé kò ní ojú ìwé. Ohun tí ó lè ṣí ọkàn sílẹ̀ níbẹ̀ ni orin. Ní Amẹ́ríkà, Paul Gordon kọ orin sí ìtàn yìí, John Caird sì kọ ọ̀rọ̀ eré rẹ̀. Caird yìí wà lára àwọn méjì tí ó darí Les Misérables nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1985. Wọ́n gbìyànjú Jane Eyre náà wò ní Wichita ní ìpínlẹ̀ Kansas ní 1995, wọ́n gbé e lọ sí Toronto ní Kánádà ní 1996, ó sì dé Broadway ní ìlú New York ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2000. Kò pẹ́ níbẹ̀: ìgbà 209 ni wọ́n ṣe é kí wọ́n tó pa iná rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2001. Ọ̀pọ̀ eré tí kò ní ọgbọ́n tó o ti pẹ́ jù ú lọ fíìfíì.

Nínú eré náà, ọ̀rọ̀ ìdáríjì tí Helen Burns, ọ̀rẹ́ Jane ní Lowood, ń bá a sọ di orin. Helen kì í bínú sí àwọn tí ń jẹ ẹ́ níyà, bẹ́ẹ̀ ikọ́ ife ni ó padà pa á ní orí ibùsùn, Jane wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà tó wọ Jane lára. Nígbà tí ìyàwó arákùnrin ìyá rẹ̀ ń kú lọ, ó jẹ́wọ́ pé òun ti fi lẹ́tà kan pamọ́ fún ọdún mẹ́ta, àti pé òun ti kọ̀wé sí arákùnrin baba Jane, ọlọ́rọ̀, pé Jane ti kú. Jane dárí jì í. Obìnrin náà kò sì gba ìdáríjì náà. Ẹ wo ẹ̀kọ́ Ìgbàgbọ́ tí ó le níbẹ̀: pé kí a dárí ji ẹni tí kò bẹ̀ wá. Ìwàásù ogún ọdún ni èmi ti gbàgbé, ṣùgbọ́n orin tí a kọ ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ yìí kò tíì kúrò lẹ́nu mi.

Ìtàn náà ní àlébù tirẹ̀, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Bertha, aya tí wọ́n tì mọ́lé, kò rí àyè sọ tẹnu rẹ̀. Jàmáíkà ni ó ti wá. Olóko ńlá àti oníṣòwò ni baba rẹ̀, owó orí rẹ̀ ni ó sì fa baba Rochester. Àwa mọ ẹni tí ó ń ro oko bẹ́ẹ̀ ní erékùṣù wọ̀nyẹn: ẹrú tí a kó láti etíkun wa, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà láàárín wọn. Ní 1966, Jean Rhys, tí wọ́n bí ní erékùṣù Dominica, kọ Wide Sargasso Sea kí Bertha lè rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa béèrè ọ̀rọ̀ obìnrin náà. Bí wọ́n bá kọ orin kan fún un, inú mi yóò dùn.

Ó ku àwọn tí yóò sọ pé eré olórin kì í ṣe nǹkan ìjọ. Inú ìjọ gan-an ni tiwa ti jáde. Hubert Ògúndé ti ṣe olùkọ́ kí ó tó di ọlọ́pàá. Eré Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ní 1944, fún ìjọ Aládùúrà ni ó ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dúró Ládiípọ̀ fi ìlù ilẹ̀ wa sínú orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo, àwọn kan nínú ìjọ sì bínú gidigidi. Lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì wo ni kò ní gángan? Kọ́lá Ògúnmọ́lá, olùkọ́ mìíràn, ni ó sọ ìwé ìtàn Amos Tutùọlá tí ó jáde ní 1952 di eré olórin Ọ̀mùtí ní Ìbàdàn ní 1963. Nítorí náà, sísọ ìwé ìtàn di eré olórin kì í ṣe àṣà àjèjì tí a fẹ́ yá.

Ní ti ìnáwó, orin Broadway ní olówó; ẹni tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kí ó sì san owó. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ni ní òfin kẹjọ kò gbọdọ̀ jí orin ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìwé 1847 ti bọ́ lọ́wọ́ olówó; ẹnikẹ́ni lè fi ṣe eré. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ orin wa àti àwọn ọmọ kọ orin tiwọn sí i ní Yorùbá. Kí àwọn SS1 àti SS2 nìkan ṣe é, kí ó má bàa ṣe ìdíwọ́ fún ìdánwò WAEC. Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde ra aṣọ àti iná ìtàgé. Èmi yóò ṣe ìpín tèmi.

Bàbá wa tí ó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ wá sí ìgbáradì kan ṣoṣo, ìgbà tí wọn yóò bá ṣe ìran ọmọ tí ó dúró lórí àpótí. Kí ẹ jókòó sí iwájú. Èmi yóò jókòó tì yín, nítorí pé mo ti jẹ ọmọ kan ní gbèsè ọ̀rọ̀ kan tipẹ́tipẹ́, n kò sì mọ ibi tí ó wà lónìí láti sọ ọ́ fún un.