Kí Ẹ Tó Ra Májèlé fún Ọ̀kẹ́rẹ́

Ìyá àgbà mi ní Ara pàdánù adìẹ mẹ́ta láàárín ọjọ́ méjì nígbà tí a wà ní ìsinmi. Kì í ṣe àṣá ló gbé wọn, kì í sì í ṣe lúkúlúkú ló pa wọ́n. Ẹnì kan ládùúgbò ló po májèlé mọ́ gaàrí, ó gbé e sẹ́bàá ògiri nítorí ọ̀kẹ́rẹ́ àti eku tó ń jẹ àgbàdo rẹ̀. Eku kò fẹnu kàn án. Adìẹ ló jẹ ẹ́. Ìyá àgbà kò bá a jà. Ó ní ẹni tí eku ń jẹ lóúnjẹ ló mọ ohun tójú òun ń rí. Èmi ni mo bínú, èmi tí n kò tíì fi owó ara mi ra kóńgò àgbàdo kan rí.

Nígbà tí inú mi rọ̀ tán, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ìbínú. Ẹni náà kò ṣìkà. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ló ṣe. Bí eku bá pọ̀ ní yàrá wa ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ni a máa ń ṣe? Ẹnì kan á sáré dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta òògùn eku lórí àtẹ, a ó dá owó, a ó pò ó mọ́ ẹja. NAFDAC ti fi òfin de títa àwọn ìgò kéékèèké òògùn kòkòrò tó ní dichlorvos nínú, síbẹ̀ ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí ohun tó jọ ọ́ rà. Èrò mi ni pé ó yẹ kí á jáwọ́ nínú ẹ̀, pàápàá ní ilé tí adìẹ, ológbò àti ọmọdé bá wà. Ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀ kò ju rọ́bà ọ̀dà, àjákù páànù àti ata gígún lọ. Mo ti gbìyànjú ẹ̀, mo sì ti ṣe àṣìṣe púpọ̀ nídìí ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi lẹ́nu láti sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ṣírò. Adìẹ tó ń yé ẹyin ń jẹ nǹkan bí gíráàmù 120 lójúmọ́. Eku kan ń jẹ bíi 20. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ eku mẹ́wàá (ta ló ní eku mẹ́wàá péré?) á jẹ kílò 6 lóṣù, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oúnjẹ adìẹ méjì. Ìyẹn ni pé Ìyá àgbà ń sin adìẹ méjì tí kì í yé ẹyin, tí kò sì ní rí pa lọ́dún Kérésì. N kò tíì ka èyí tí wọ́n tọ̀ sí. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí, nítorí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan báyìí tó máa ń wọlé wá jẹ oúnjẹ ni ìbà Lassa fi ń dé ara ènìyàn, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní Borno. Oúnjẹ adìẹ tó bá wà ní gbangba lóru, ìpè ni fún eku pé kí ó wá bá wa gbélé.

Ti ọ̀kẹ́rẹ́ yàtọ̀. Ọ̀sán ni ọ̀kẹ́rẹ́ ń jáde, ojú rẹ á sì rí i kedere. Ní Ara, níbi tí ọ̀pẹ pọ̀ tó yìí, orí ọ̀pẹ ló ń gbé, ẹyìn ló ń jẹ, bó bá sì rí àgbàdo nílẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀. Ìbátan rẹ̀ tó ń gbé inú ihò, ìkún, ni àgbẹ̀ ẹlẹ́pà ń bá jà. Ìkún ni wọ́n sọ pé ó ń jọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń rèdí, tí kò mọ̀ pé ohun tó dùn ló ń pani. Tí a bá wo ilé tí wọ́n ti ń po májèlé mọ́ oúnjẹ, a ó rí i pé kì í ṣe ìkún nìkan ni òwe náà bá wí.

Fídíò kan ló kó mi sí iṣẹ́ yìí. Ní 2020, nígbà tí kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, Mark Rober, ẹnjiníà kan tó ti ṣiṣẹ́ rí ní NASA, gbé fídíò sórí YouTube nípa bó ṣe fẹ́ dáàbò bo oúnjẹ ẹyẹ lọ́wọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Califọ́níà. Ó ra oríṣiríṣi àwo oúnjẹ ẹyẹ tí wọ́n ní ọ̀kẹ́rẹ́ kò lè jẹ níbẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ níbi gbogbo wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ìyá àgbà wò ó lórí fóònù mi, ohun tó bi mí ni pé, "Ẹyẹ ta ni?" Mo ní kì í ṣe ti ẹnì kankan. Ó ní, "Wọ́n ń fowó ra oúnjẹ fún ẹyẹ oko?" Kí ẹ má bá a wí o. Níbi tí òun ti dàgbà, ẹ̀gà ni ọmọdé ń fi kànnàkànnà lé lóko àgbàdo láti àárọ̀ títí di alẹ́. Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà ti mọ ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú tí wọ́n kó láti Amẹ́ríkà dé Gẹ̀ẹ́sì ní 1876, tó wá di onílé mọ́ onílé lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú ẹ̀ ni mo fẹ́. Mo ri òpó kan mọ́lẹ̀, gíga rẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀. Mo fi àjákù páànù ṣe ohun tó dà bí àrọ tí a dojú ẹ̀ dé, fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ tó ìdajì mítà, mo fi wáyà dè é mọ́ òpó ní ibi tó ga ju mítà kan lọ. Bí ẹranko bá ń gun òpó bọ̀, abẹ́ páànù yìí ni yóò bá ara rẹ̀, kò ní rí ibi tí yóò fi èékánná gbá mú. Mo gbé pákó àti àwo oúnjẹ sórí òpó náà. Ó wù mí láti wò.

Ọjọ́ kejì, ọ̀kẹ́rẹ́ kan jókòó sínú àwo náà, ó ń jẹun bí ọlọ́jọ́ ìbí. Kò gba orí òpó rárá. Igi máńgòrò ló gùn, ó rìn dé orí ẹ̀ka, ó sì jù ara rẹ̀ sílẹ̀. Mo lọ kà nípa ẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn: ọ̀kẹ́rẹ́ Amẹ́ríkà yẹn lè fò sókè tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 5, kó sì fò láti ibì kan sí ibòmíì tó ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 10. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ri òpó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e jìnnà sí igi, ògiri àti òrùlé, ó kéré tán mítà mẹ́ta. Àgbàlá wo ní Ara ló ní àyè tó tó bẹ́ẹ̀ tí igi kan kò sí níbẹ̀? Àwọn tó wà níbẹ̀, ọkọ̀ ti gbabẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ìyá àgbà dúró, ó wo òpó náà látòkè délẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n àwọn òròmọdìẹ ńkọ́? Ta ni yóò máa gbé wọn sókè?" Lóòótọ́, àgbébọ̀ ìbílẹ̀ lè fò gun òpó, òun náà ló ń sùn lórí igi. Ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì kò lè ṣe é. Mo ti kọ́ ilé fún ẹyẹ Califọ́níà sí àgbàlá Ìyá àgbà mi.

Ibi tí ìdáhùn ti wá ni ibi tí n kò retí. Ata wẹ́wẹ́ kan wà lábẹ́ igi máńgòrò yẹn. Mo bi Ìyá àgbà pé ìgbà wo ló gbìn ín, ó ní òun kò gbìn ín, ẹyẹ ló gbìn ín. Gbogbo wa la mọ èyí láti kékeré, a kò kàn dúró rò ó: ẹyẹ ń jẹ ata tó lè mú àgbàlagbà sunkún, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ní 2001, Joshua Tewksbury àti Gary Nabhan gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lórí ata ẹgàn ní Arizona. Àwọn ẹyẹ jẹ ata náà, àwọn eku aginjù kọ̀ ọ́. Èròjà tó ń mú kí ata ta, capsaicin, ní ibi kan tó máa ń lọ gbá mú nínú iṣan ara ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú, iṣẹ́ lórí ibi yìí sì wà lára ohun tí David Julius fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Ẹyẹ náà ní irú ibẹ̀, àmọ́ ata kì í gbá tiwọn mú. Adìẹ, ẹ rántí, ẹyẹ ni. Àwọn ìyá wa tó ń fi ata sí ẹnu adìẹ tó ń ṣàìsàn, adìẹ kò pariwo rí.

Nítorí náà, mo tún bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà ọ̀dà oní-lítà 4 tó ní ìdérí ni mo lò, ó ń gba àgbàdo wẹ́wẹ́ tó kílò 2 ààbọ̀ dáadáa. Ẹ fọ̀ ọ́ kí òórùn ọ̀dà tán, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Mo lu ihò mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, mo ki páìpù onígun, èyí tí àwọn púlọ́ḿbà ń pè ní elbow, sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ kọjú sókè níta. Adìẹ á ki orí bọ̀ ọ́, kò lè fi ẹsẹ̀ tú oúnjẹ dà sílẹ̀, òjò kò sì rọ̀ sínú rẹ̀ tó bá wà lábẹ́ òrùlé. Mo fi wáyà so ó rọ̀ kí ẹnu páìpù bá ẹ̀yìn adìẹ dọ́gba. Fún àwọn òròmọdìẹ, mo fi bíríkì kan sábẹ́ páìpù kan, kí wọ́n lè gùn ún.

Ẹ̀yìn náà ni ata. Ìwọ̀n ṣíbí ìmùkọ kan sí kílò kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi epo pupa díẹ̀ ra àgbàdo náà kí ata lè lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí ata gbígbẹ á kàn rọ̀ sísàlẹ̀ ni, tàbí kí atẹ́gùn gbé e sí ẹ lójú. Mo kọ́ èyí nínú ìrora. Ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́, ẹ má sì fọwọ́ kan ojú.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wá lọ́jọ́ kìíní, ó tọ́ ọ wò, ó fi ọwọ́ nu ẹnu, ó sì gun igi padà lọ bí ẹni tí wọ́n sọ̀rọ̀ burúkú sí. Ó tún wá ní ẹ̀ẹ̀mejì. N kò rí i nídìí rọ́bà náà mọ́ títí mo fi kúrò nílé. Èmi kò ní parọ́ fún yín pé eku náà rí bẹ́ẹ̀. Eku tí ebi ń pa gan-an lè fara da ata. Ti eku, gbígbé rọ́bà wọlé nírọ̀lẹ́ ló ṣiṣẹ́ jù, bí adìẹ bá ti wọlé sùn. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, àmọ́ ó gbà pé kí ènìyàn rántí.

Ẹnì kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí ló dé tí a ò kàn dẹ pàkúté, pé ẹran kúkú ni ọ̀kẹ́rẹ́. N kò bá a jiyàn lórí ẹran. Lóko, pàkúté dára. Ní àgbàlá, ẹsẹ̀ adìẹ ló máa ń kọ́kọ́ mú, ẹsẹ̀ ọmọ kékeré sì ni ìkejì. Òmíì ní ológbò ńkọ́. Ológbò dára púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ará ilé kejì bá ti fi májèlé sílẹ̀, eku tó bá jẹ ẹ́ á kú fún ológbò láti jẹ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pé ọ̀rọ̀ májèlé jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó rà á nìkan. Kò mọ ààlà ilé.

Ohun kan ṣì ń dùn mí. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ UNIOSUN wà ní Èjìgbò níbẹ̀, kò jìnnà sí Ara. NSPRI tó ń ṣèwádìí lórí ìpamọ́ irè oko wà ní Ìlọrin. Ọgbọ́n páànù lẹ́sẹ̀ àká kì í ṣe tuntun láàárín àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀ orí YouTube, lọ́wọ́ òyìnbó tó ń bá ọ̀kẹ́rẹ́ ṣeré, ni mo ti kọ́kọ́ rí i, èmi ọmọ Ara. Bí a bá ń wá ohun tí a ó fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ pé kí á gbé rọ́bà mẹ́wàá lọ sí ilé mẹ́wàá, kí á wọn oúnjẹ tó ń ṣòfò kí á tó gbé e dé àti lẹ́yìn rẹ̀, kí á mọ ìwọ̀n ata tó tó? Ìwọ̀n tèmi yẹn, ojú lásán ni mo fi wọ̀n ọ́n. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa fẹ́ àkọlé tó gùn. Ẹ lè fún un ní àkọlé tó gùn.

Páànù tí mo gé fún òpó àkọ́kọ́ kò ṣòfò. Ìyá àgbà ní kí n gbé e lọ sí ẹsẹ̀ àká àgbàdo, ibi tó yẹ ẹ́ gan-an, nítorí àká náà dá dúró ní gbangba, igi kankan kò sún mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni àká ní, páànù kan ṣoṣo sì ni mo ní, nítorí náà títí di báyìí eku ṣì ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù gòkè. Mo ti bá káfíńtà kan sọ̀rọ̀ kó bá mi tọ́jú àjákù páànù rẹ̀. Tí mo bá tún délé, mẹ́ta ni mo máa gé.