Ọkọ̀ òfurufú ogun dé Kútọnu nígbà tí aṣojú wa ò tíì dé

Tí wọ́n bá pe "ambásádọ̀", ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wa ni mọ́tò dúdú tí àsíá ń fẹ́ níwájú ẹ̀, àti àsè alẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Èmi o, Òkèrètè ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹnu bodè ni, ní Ìwọ̀-Oòrùn Ṣakí. Tẹ́ ẹ bá ti ré e kọjá, ilẹ̀ Benin nìyẹn, àmọ́ Yorùbá ò tán síbẹ̀: Ṣábẹ̀ àti Kétu wà lọ́hùn-ún. Páríìsì ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi pín wa, lóṣù Kẹjọ ọdún 1889. Kò sí ẹni tó bi Ọ̀kẹrẹ̀ Ṣakí léèrè.

Fún ará Òkè-Ògùn, ọ̀rọ̀ Àbújá àti Kútọnu kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Buhari ti bodè pa nítorí ìrẹsì fàyàwọ́. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, wọ́n tún ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí bodè. Onífàyàwọ́ ni wọ́n ń lé, àmọ́ àgbẹ̀ tó fẹ́ gbé iṣu lọ sọ́jà náà nílò epo. Ìparí ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bodè.

Ẹ lè ní aṣojú wa kúkú wà ní Kútọnu nígbà yẹn, kí ló rí ṣe sí i? Òótọ́ ni. Aṣojú kì í ṣe Ààrẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Tinubu pe gbogbo aṣojú wa padà sílé. Ọ́fíìsì 109 la ní káàkiri ayé, adelé ló sì ń mójú tó wọn fún ohun tó ju ọdún méjì lọ. Adelé ń ṣiṣẹ́ o, n ò bú wọn. Àmọ́ ọ̀dọ̀ mínísítà ilẹ̀ òkèèrè ni ìwé adelé ń lọ. Aṣojú gan-an ló ń gbé ìwé tiẹ̀ fún Ààrẹ lọ́wọ́. Tí nǹkan bá dàrú lóru, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Nǹkan sì dàrú. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá ọdún 2025, Pascal Tigri àtàwọn ọmọ ogun kan bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní àwọn ti gbàjọba lọ́wọ́ Talon. Ìjọba Benin ké sí wa, ọkọ̀ òfurufú ogun wa sì gbéra. N ò bá Tinubu jà lórí ìyẹn, ó yẹ kó lọ. Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé inú oṣù yẹn kan náà ni Sẹ́nétọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọwọ́ sí orúkọ àwọn aṣojú tuntun. Nígbà tí wọ́n sì máa kọ́kọ́ kéde ibi tí wọ́n ń rán wọn lọ, Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Turkey ni. Ará ilé tó pín ògiri pẹ̀lú wa kò sí níbẹ̀.

Iná sì ń jó lẹ́yìn ògiri ọ̀hún. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ikọ̀ JNIM pa ọmọ ogun Benin 54 ní àríwá wọn. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, wọ́n ní àwọn ti ṣọṣẹ́ ní Kwara. Kwara yẹn, aládùúgbò Òkè-Ògùn ni.

Ẹni tí wọ́n bá rán lọ sí Kútọnu, ìbéèrè méjì péré ni mo ní fún un. Ṣé ẹ ti dé Òkèrètè rí? Tẹ́ ẹ bá dé Ṣábẹ̀, ṣé Faransé lẹ máa fi kí wọn ni, àbí Yorùbá?