Ẹ fi owó náà lé ìyá lọ́wọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Igolo, ní gbogbo Ìfọ̀nyìn àti lódìkejì ẹnubodè, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́.

Lọ́dún 2020, nígbà kòrónà, ìjọba Tógò dá ètò Novissi sílẹ̀. Orí fóònù lowó ń gbà wọlé. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ìgbèríko pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ GiveDirectly, obìnrin ń gba 8,620 sẹ́fà lóṣù, ọkùnrin 7,450, fún oṣù márùn-ún. Ti obìnrin ló pọ̀ jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: ta lọmọ ń ké sí bí ebi bá dé?

Àwọn kan á ní ọtí ni wọn ó fi mu. Wọn ò mọ ilé àgbẹ̀ lóṣù tí àgbàdo èṣí ti tán, tí tuntun ò tíì gbó. Ìgbà yẹn gan-an ni alájàpá ń wá sanwó àgbàdo tó ṣì wà lóko, ní iye tó wù ú. Àgbẹ̀ mọye ọjà rẹ̀ o, oògùn ọmọ ló ń lé e. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ sẹ́fà ò lè ra ọ̀kadà, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí ìyá sọ pé: "Ẹ padà wá tó bá gbẹ."

Bí ìjọba wa bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ níbí, kówó náà dé ṣáájú ìkórè.